Fìlà velour tòkunbọ̀ tí mo rà l'Ókè-Ajé, ọdún mẹ́rin rèé tó ti wà lórí mi

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ àrán ná, torí gbogbo ẹni tó bá ti fọwọ́ kan fìlà òyìnbó elétí yìí ló ń pè é ní fìlà àrán, títí kan ìyá mi. Kì í ṣe àrán o. Àrán, wọ́n ń hun ún ni, aṣọ ni, òwú wà nínú ẹ̀. Velour tiwa yìí ò ní òwú kankan, irun ehoro ni, wọ́n á fi omi gbígbóná sí i wọ́n á máa yí i wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ títí irun yẹn á fi há mọ́ra wọn pátápátá, bí irun ọmọ tó di dàda, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì mọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á wá fa ojú ẹ̀ sókè, wọ́n á gé e kó dọ́gba, òun ló ṣe ń dán tó sì rọ̀ bí ara ológbò.

Ọdún 2021 ni mo rà á, ní ìsọ̀ òkìríkà kan l'Ókè-Ajé níbí n'Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyàwó mi ló wá ra bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì, èmi kàn sìn ín wá ni. Mo rí i lábẹ́ báàgì àwọn obìnrin, ó ti pẹlẹbẹ, eruku ti bò ó, àwọ̀ ẹ̀ bíi kọfí tí wọn ò fi mílíìkì sí. Màmá tó ni ìsọ̀ ní ₦12,000, mo ní ₦3,000, wọ́n wò mí látòkèdélẹ̀ wọ́n ní "ọmọ Ìjẹ̀bú ni yín, àbí?" mo ní ṣé Ọ̀yọ́ ni ẹ̀yin náà ti wá ni mà? A rẹ́rìn-ín, a parí ẹ̀ sí ₦5,500.

Orúkọ tó wà nínú ẹ̀ ti pa rẹ́, àmọ́ "Made in Czechoslovakia" ṣì hàn lára awọ inú ẹ̀. Orílẹ̀-èdè yẹn ò sí mọ́, wọ́n pín in sí méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ 1993, ìyẹn ni pé fìlà yìí á ti pé ọgbọ̀n ọdún ó kéré tán, ó ṣeé ṣe kó ju àbúrò mi lọ. Ìlú tí wọ́n mọ̀ mọ́ fìlà níbẹ̀ ni Nový Jičín, ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Tonak wà, àwọn tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ti wà láti 1799, wọ́n sì ṣì ń ṣe velour dòní. Mo fura pé ibẹ̀ ni tèmi ti wá ṣùgbọ́n mi ò lè búra.

Ohun tó jẹ́ kí n gbà pé fìlà yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tó kù ni òjò. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi lọ sí ìnáwó kan l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè, ìgbà tí à ń bọ̀, mọ́tò já wa sílẹ̀ ní Orù, òjò dé, kò síbi tí a fẹ́ sá sí, ọ̀kadà la bá dé'lé. Ọ̀rẹ́ mi dé fìlà tuntun tó rà ní ₦15,000, irun àgùntàn ni wọ́n fi ṣe tiẹ̀, èmi dé ògbólógbòó mi. Omi kàn ń yọ̀ kúrò lórí tèmi bí omi orí ewé kókò ni, torí irun ojú ẹ̀ pọ̀, ó sì dì, kí omi tó débi awọ orí ẹni, á pẹ́. Nígbà tí mo délé mo gbọ̀n ọ́n, mo dojú ẹ̀ dé, ìyẹn ni pé mo fi orí ẹ̀ sílẹ̀ tí etí ẹ̀ wà lókè, mi ò gbé e sóòrùn, mi ò gbé e sídìí iná, ilẹ̀ mọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún, ó parí. Ti ọ̀rẹ́ mi, etí ẹ̀ wó lulẹ̀ bí etí ewúrẹ́ tójò pa, ó sún kì, kò wọ̀ ọ́ lórí mọ́, ọmọ ẹ̀ ló fi ń ṣe eré nílé-ìwé báyìí.

Àmọ́ ẹ má rò pé kò ní àléébù o. Wàhálà velour kì í ṣe omi, ìka ọwọ́ ni. Gbogbo wa la máa ń fi ìka méjì di iwájú orí fìlà mú tí a bá fẹ́ ṣí i kí àgbà, kí wọ́n rí i pé a lẹ́kọ̀ọ́. Ibẹ̀ gan-an ló ń pá. Tèmi ti pá díẹ̀ kí n tó rà á, ojú méjì kéékèèké bí ojú owó kọ́bọ̀, kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè mú irun hù níbẹ̀ mọ́. Etí ẹ̀ ni mo ń dì mú báyìí, tọwọ́ méjèèjì. Tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ wò nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ tàn yín, ẹ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí irun iwájú ẹ̀ kó yà, ẹ wá gbé e sókè sóòrùn, tí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ bí ojú abẹ́rẹ́, kòkòrò ti jẹun níbẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀.

Awọ inú ẹ̀ náà ti gbẹ, ó la nígbà tí mo lò ó tó bí oṣù mẹ́fà. Ṣúmékà àdúgbò wa yọ ọ́, ó fi awọ ewúrẹ́ rírọ̀ rọ́pò ẹ̀, ₦2,000. Ọ̀rọ̀ Made in Czechoslovakia bá a lọ, mo gé e pamọ́ sínú wọ́lẹ́ẹ̀tì mi (ìyàwó mi ní orí mi ò pé).

Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo rà, aláwọ̀ ewé, ní Kàtángùà l'Ékòó, òun ló dùn mí jù. Mo gbé e fún àwọn onídíráìkíléènì kan, mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù lé e lórí tààrà! Irun ẹ̀ sùn, ó ń dán bí ibi tí màlúù lá, wọ́n ní "sọ́rì sà". Mo gbé e sókè ooru kẹ́tùlù ní ilé, mo ń rọra fi búrọ́ọ̀ṣì fa irun ẹ̀ dìde, ó dìde ní ẹ̀gbẹ́ kan, iwájú ò dìde rárá. Ẹ̀yin tí fìlà yín bá ti dàgbà gan-an, ìgbà àwọn bàbá wa àgbà, tí ẹ bá ń fi ooru sí i ẹ ṣí fèrèsé kí ẹ sì fọwọ́ yín lẹ́yìn ẹ̀, torí mẹ́kúrì ni wọ́n fi ń tọ́jú irun ehoro láyé ìjọ́sí, ó ba ọpọlọ àwọn tó ń ṣe fìlà jẹ́ títí ọwọ́ wọn fi ń gbọ̀n, 1941 ni Amẹ́ríkà tó fòfin dá a dúró.

Ọyẹ́ náà, eruku! Velour máa ń fa eruku àti ìhùùhù funfun ara agbádá bí ẹni fi oyin pè é. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni, ẹ tẹ̀lé ibi tí irun kọrí sí. Ẹ má fi sínú náílọ̀n, mo ṣe é lóṣù kẹsàn-án, ó hu ebu. Inú páálí ni tèmi wà báyìí pẹ̀lú kánfọ̀.

Ó gbóná o. Òjúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, mo dé e tẹ̀lé rẹgbẹ́rẹgbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa tí ọjọ́ orí wa súnmọ́ra, láàárọ̀, kí àwọn ẹlẹ́ṣin ilé Balógun tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, orí mi ti bọ̀ bí iṣu. Ọ̀sán Ìjẹ̀bú, ẹ dé fìlà koríko. Velour, ìrọ̀lẹ́ àti ìgbà òjò ni tiẹ̀.

4 nínú 5 ni mo fún un, awọ inú àti ooru ló jẹ 1 yẹn. Mo ṣì ń wá aláwọ̀ ewé míì, size 58, tí iwájú ẹ̀ ò tíì pá. Ẹni tó bá rí i kó bá mi mú un dání, mi ò ní ná an jù.