Bots àti àwọn ìlànà EDI àtijọ́: àgbéyẹ̀wò láti ọwọ́ ẹni tó ń fi í jẹun

Bí iṣẹ́ yín bá jẹ mọ́ fífi ọ́dà àti ínfọ́ìsì ránṣẹ́ láti kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, èyí tí wọ́n ń pè ní EDI, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ orúkọ Bots. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ni, èdè kọ̀ǹpútà Python ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹnikẹ́ni ló sì lè ṣí inú rẹ̀ wò. Ó ń gba fáìlì tí oníbàárà fi ránṣẹ́, ó ń tú u palẹ̀, ó sì ń yí i padà sí èyí tí ẹ̀rọ tiyín lè kà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí: ọwọ́ wo ló fi mú àwọn ìlànà tó ti pẹ́, ìyẹn TRADACOMS ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, VDA ti Jámánì, àti àwọn ẹ̀dà EDIFACT (ìlànà àgbáyé) àti X12 (ti Amẹ́ríkà) tí ọ̀pọ̀ ti pa tì? Ọwọ́ gidi ló fi mú wọn. Nínú àwọn sọ́fítíwíà olówó ńlá tí mo ti lò, mi ò tíì rí èyí tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Àwọn tó ń ta sọ́fítíwíà máa ń sọ pé ìlànà wọ̀nyí ti kú. Ní 1982 ni TRADACOMS bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ti ṣíwọ́ àtúnṣe rẹ̀ láti 1995, tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn kọjú sí EANCOM, tí wọ́n yọ lára EDIFACT. Síbẹ̀ ọ́dà ṣì ń gba ojú ọ̀nà yẹn wọlé. Ilé ìtajà ńlá tí ètò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa kò rí ìdí tó fi yẹ kó tú u ká, ẹni tó sì ń rajà ló ń pàṣẹ bí ọ́dà yóò ṣe rí. Bí sọ́fítíwíà bá pa ìlànà àtijọ́ tì, kò sí ohun tó ṣe olùrajà. Ẹni tó ń kó ọjà fún un, tí agbára rẹ̀ kéré, ni ìnáwó já lé lórí.

Sọ́fítíwíà tí a sanwó fún ṣáájú Bots ní ọgbọ́n kan: kó kọ́kọ́ sọ TRADACOMS di EDIFACT, kó tó ṣe ohunkóhun sí i. Létí, ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì ọ́dà TRADACOMS ṣe máa ń rí, lẹ́yìn tí ìlà STX bá ti ṣí i:

MHD=1+ORDHDR:9'
TYP=0430+NEW-ORDERS'
SDT=...'
CDT=...'
FIL=1+1+070315'
MTR=6'

ORDHDR yìí ló gbé orúkọ ẹni tó ń tà (SDT), ẹni tó ń rà (CDT) àti nọ́ńbà fáìlì fúnra rẹ̀ (FIL). Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń sọ wọ́n. Àwọn ọ́dà gan-an tẹ̀ lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín MHD tó ṣí i àti MTR tó pa á dé, àtẹ̀ránṣẹ́ ORDTLR sì kádìí wọn. EDIFACT kò rí bẹ́ẹ̀: ọ́dà kọ̀ọ̀kan ló ń dá orúkọ olùrà àti olùtà gbé. Nígbà tí sọ́fítíwíà yẹn ń pín ORDHDR káàkiri, ó ju FIL nù, torí kò rí ibi tí yóò fi í sí. Bí fáìlì kan náà bá wá wọlé lẹ́ẹ̀mejì, a ò ní ohun tí a lè fi dá a mọ̀. A sì ti kó ọjà lọ lẹ́ẹ̀mejì rí nítorí ẹ̀.

Bots kò sọ TRADACOMS di nǹkan mìíràn. Ó kà á bó ṣe wà. Ó mọ̀ pé àmì = ló ń tẹ̀ lé orúkọ segment (ìlà kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì) níbẹ̀, níbi tí EDIFACT ti ń lo +. Àmì kékeré yìí ti tó láti mú kí sọ́fítíwíà tó gbọ́ EDIFACT nìkan da gbogbo fáìlì nù. Ó tún ń ka iye segment, ó ń fi wé èyí tí MTR sọ, ó sì ń ka àwọn àtẹ̀ránṣẹ́ títí dé END tó pa fáìlì dé.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni gírámà rẹ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n kọ bí ìlànà kan ṣe yẹ kó rí sí. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni: orúkọ segment, iye ìgbà tó kéré jù tó gbọ́dọ̀ wá, iye tó pọ̀ jù, àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Oníbàárà tó ti ń lo ìlànà kan fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í ṣàì ní àṣà tirẹ̀. Ọ̀kan lè fi segment tó pọn dandan sílẹ̀, òmíràn á fi èyí tí kò sí nínú ìwé kún un. Nínú Bots, mo ṣí gírámà, mo sọ MIN (iye tó kéré jù) di 0 tàbí kí n fi ìlà kan kún un, iṣẹ́ ń lọ. Níbi tí a ti kúrò, lẹ́tà ni a máa kọ sí ilé iṣẹ́ tó ni ín, a ó sì máa wo ojú wọn.

Gírámà ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sì dá dúró. Ní EDIFACT, D.93A wà níbẹ̀, D.96A wà níbẹ̀, D.01B náà wà níbẹ̀, èyí tí mo bá tún ṣe kì í ba èkejì jẹ́. Ní X12, ọ̀rọ̀ yìí lágbára gan-an. Kí ẹ̀dà 004010 tó dé, nọ́ńbà mẹ́fà ni déètì inú GS (ìlà tó ṣí ẹgbẹ́ àtẹ̀ránṣẹ́); láti 004010 ó di mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ti inú ISA (ìlà tó ṣí gbogbo fáìlì) dúró sórí mẹ́fà. Ẹni tó bá fi òfin kan ṣoṣo ka 003040 àti 004010 yóò máa rí déètì tí kò sí lórí kàlẹ́ńdà.

VDA ló gba agbára jù lọ́wọ́ mi. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ní Jámánì ló ni ín. Kò ní àmì ìpínyà kankan, lẹ́tà 128 ni ìlà kọ̀ọ̀kan, ipò tí nǹkan wà ló ń sọ ohun tó jẹ́. Nínú VDA 4905 tí wọ́n fi ń béèrè ọjà, ẹ lè rí 333333 níbi tó yẹ kí déètì wà, ìyẹn ni pé gbèsè ọjà (èyí tó yẹ kó ti dé) wà nílẹ̀. 444444 sì ń sọ pé wọ́n nílò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Fúnra mi ni mo kọ gírámà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí fáìlì oní-ipò. Mo pe àyè yẹn ní ọ̀rọ̀ lásán dípò déètì, mo sì jẹ́ kí mapping (ètò tó ń yí fáìlì kan padà sí òmíràn) pinnu ohun tó túmọ̀ sí. Ó rọ̀ mí lọ́rùn lẹ́yìn náà, àmọ́ ojú bọ̀rọ̀ kọ́.

Ẹni tí kò gbọ́ Python kò ní gbádùn rẹ̀, nítorí Python ni a fi ń kọ mapping. Kò sí pé à ń fi máòsì fa ìlà láti àyè kan sí èkejì. Fún OFTP àti AS2, tí í ṣe ọ̀nà tí fáìlì ń gbà rìn láti ilé iṣẹ́ kan dé òmíràn, ètò mìíràn ni a fi ń gba fáìlì, òun ló ń kó wọn sínú fódà tí Bots ń ṣọ́. Fún 997 (ti X12) àti CONTRL (ti EDIFACT), ìyẹn èsì tó ń sọ pé fáìlì ti wọlé, kò sí wàhálà: Bots fúnra rẹ̀ ló ń ṣe wọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e wò, ẹ má fi àpẹẹrẹ inú ìwé ìlànà dán an wò. Ẹ ní kí oníbàárà yín tó le jù fún yín ní fáìlì tó ti kọjá rí, pẹ̀lú gbogbo wọ́gọwọ̀gọ inú rẹ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì tún gbé e gba inú Bots kọjá nígbàkígbà tí ẹ bá fọwọ́ kan gírámà.