Mítà prepaid ilé wa: ó ń ka tiwa, ta ló ń ka tiwọn?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdájọ́ mi ṣáájú, kí ẹni tí kò láyè lè máa bá tirẹ̀ lọ. Mítà prepaid tó wà lára ògiri ilé wa dára. Ó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe, n kò sì ní padà sídìí bílì oṣooṣù mọ́ láé, kódà bí wọ́n bá fún mi lówó lé e. Àwọn tó ń ta iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ni n kò fọkàn tán. Mo ń rí i tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bú mítà nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, mo sì rò pé ó tẹ́ àwọn oníná lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Kí mítà tó dé, bílì tí wọ́n fojú bù ni wọ́n ń gbé wá fún wa. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan á gun ọ̀kadà wọ àdúgbò lópin oṣù, kò ní wo ara ilé ẹnikẹ́ni, á kàn ki bébà bọ abẹ́ géètì, ó di ilé kejì. Iye tó wà níbẹ̀ lè jẹ́ ìlọ́po méjì ti oṣù tó kọjá, bẹ́ẹ̀ tiráńsífọ́mà wa ti bà jẹ́ fún èyí tó pọ̀ jù nínú oṣù ọ̀hún. Tẹ́ ẹ bá lọ fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì wọn, wọ́n á ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ san díẹ̀ níbẹ̀ ná kí àwọn tó gbọ́ ẹjọ́. N kì í tètè pe èèyàn lólè. Ṣùgbọ́n ní February 2024, àjọ NERC tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná fúnra rẹ̀ bu owó ìtanràn tó lé ní bílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ mọ́kànlá tó ń pín iná, nítorí pé wọ́n gbowó ju ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀ lọ lọ́wọ́ àwọn tí kò ní mítà, láti January títí di September 2023. Mọ́kọ̀ọ̀kànlá ni o. Ẹyọ kan kò mọ́ nínú wọn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ ra mítà. Ètò MAP tí NERC gbé kalẹ̀ ní 2018 la bá wọlé. Ẹ̀yin lẹ máa sanwó, ilé-iṣẹ́ mìíràn á gbé mítà wá, wọ́n á sì fi yúníìtì dá owó yín padà díẹ̀díẹ̀. Ní 2021, iye tí NERC fọwọ́ sí fún oní-fésì kan jẹ́ ₦58,661. Ní September 2023, ó ti di ₦81,975, a ò tíì ka VAT mọ́ ọn. Nígbà tó di 2024, NERC yọwọ́, ó ní kí àwọn oníṣòwò mítà máa dá iye lé ọjà wọn fúnra wọn, ẹ sì mọ ibi tí iye ọjà máa ń gbà lọ nílẹ̀ yìí. Ẹ wò ó ná: tẹ́ ẹ bá lọ ra ìrẹsì lọ́jà, ṣé ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ ra kóńgò fún ìyá oníresì kó tó wọn tiyín fún yín? Mo bi ẹni tó gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi ní ìbéèrè yìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dádì, ẹ máa jókòó."

Òfin ní kí mítà dé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sanwó. Tiwa kò dé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ gbé e kọ́ dé, wọ́n ní owó ọkọ̀, wọ́n ní owó wáyà. Mo ní kí wọ́n fi ìwé hàn mí. Wáyà tí wọ́n ní kò sí tẹ́lẹ̀ jáde láti inú búùtù ọkọ̀ wọn.

Lílò rẹ̀ kò le. Mítà gan-an wà lára ògiri ní ìta, kíípáàdì kékeré kan wà nínú pálọ̀ tí a fi ń tẹ tókìnnì, nọ́ńbà ogún. Orí fóònù la ti ń rà á, tàbí lọ́dọ̀ oní-POS. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé gbogbo ilé mọ iye tó kù. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n pa iná bálùwẹ̀ mọ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń bá ara wọn jà lórí áyọ́ọ̀nù. Ohun tí n kò fẹ́ràn: kíípáàdì tiwa, ara wáyà iná ló ń gbà bá mítà sọ̀rọ̀, nítorí náà tí iná kò bá sí, ẹ ò lè tẹ nǹkan kan wọlé. Ẹ ti rà á, owó ti lọ, tókìnnì ń wò yín nínú fóònù. Ìgbà mìíràn sì wà tí owó á kúrò ní báǹkì tí tókìnnì kò ní dé, pàápàá ní alẹ́ Friday. Báǹkì á ní kẹ́ ẹ lọ bá oníná, oníná á ní kẹ́ ẹ lọ bá báǹkì.

Ẹ ó rántí ariwo November 2024. Ìlànà STS, tó ti South Africa wá, ni tókìnnì wa ń tẹ̀ lé. Àmì àkókò wà nínú tókìnnì kọ̀ọ̀kan, iye ìṣẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993 ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ààyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún òǹkà yẹn kò gbà ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 16.7 ìṣẹ́jú lọ, ó sì kún ní ọjọ́ 24 November 2024. Mítà tí wọn kò bá tún ṣe kí ọjọ́ náà tó pé, kò ní gba tókìnnì tuntun mọ́. Àtúnṣe ọ̀hún kò ju pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ tókìnnì méjì kan, nọ́ńbà ogún ogún, wọlé ṣáájú tókìnnì tẹ́ ẹ rà. Ọ̀fẹ́ ni. Ó ti pẹ́ táwọn tó ṣe ẹ̀rọ ti mọ ọjọ́ tó máa kún, síbẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ará àdúgbò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, láti ẹnu aládùúgbò, kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ oníná. Àwọn ọmọkùnrin kan ń kiri ojúlé, wọ́n ń gba ẹgbẹ̀rún méjì náírà lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà láti bá wọn tẹ nọ́ńbà ọ̀fẹ́. Ìyá tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa san tiwọn, wọ́n tún ṣàdúrà fún àwọn ọmọkùnrin náà.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí ẹ̀sùn tí mo ń gbọ́ jù: "Mítà yìí ń sáré." Mo dán tiwa wò, ẹ̀yin náà sì lè ṣe é láìpe ẹnikẹ́ni. Ẹ pa gbogbo nǹkan nínú ilé, kódà fíríìjì. Ẹ wo iná pupa kékeré tó ń ṣẹ́jú lójú mítà. Tí kò bá sí nǹkan tó ń jẹ iná, kò yẹ kó ṣẹ́jú mọ́. Tó bá ń ṣẹ́jú, ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn so wáyà mọ́ tiyín, tàbí kí wáyà yín máa jò síbì kan. Lẹ́yìn náà, ẹ tan áyọ́ọ̀nù nìkan. Lójú mítà wa, wọ́n kọ 1000 imp/kWh síbẹ̀, ìyẹn ni pé tó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀ẹ́gbẹ̀rún, yúníìtì kan ti lọ. Áyọ́ọ̀nù wa jẹ́ 1000 watt. Á jẹ́ pé ìgbà bíi mẹ́tàdínlógún ló yẹ kó ṣẹ́jú láàárín mínìtì kan tí áyọ́ọ̀nù ṣì ń gbóná. Ohun tí mo kà kò tó bẹ́ẹ̀, ó dín díẹ̀, nítorí pé iná wa rẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, áyọ́ọ̀nù kò lè jẹ iná tó yẹ kó jẹ. Mítà kò purọ́ mọ́ mi. Ẹni tó ń rò pé fíríìjì ni ọ̀tá rẹ̀, kó lọ wo kẹ́tùlù àti ẹ̀rọ tó ń fa omi.

Iye yúníìtì ló sáré, kì í ṣe mítà. Ní ọjọ́ 3 April 2024, NERC kéde pé yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìpele tí wọ́n ṣèlérí iná fún jù, kúrò ní nǹkan bíi ₦68, ó di ₦225. Ní May wọ́n mú un wá sí ₦206.80, ní July ó tún gòkè sí ₦209.50. Ẹ jẹ́ ká fi ₦10,000 ṣe é, ká yọ VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò. Tẹ́lẹ̀, á fún yín ní nǹkan bíi yúníìtì 137. Ní ₦209.50, 44 péré ni. Ilé kan náà, fíríìjì kan náà. Àwọn Band B sí E wà níbi tí wọ́n wà. Àdúgbò wa bọ́ sínú Band A, kò sẹ́ni tó bi wá. Ẹni tó wà ní òpópónà kejì, tí iná rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, kò bọ́ sí i.

N kò sọ pé kí iná jẹ́ ọ̀fẹ́. Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò gáàsì tí àwọn ilé-iṣẹ́ amúnáwá ń jó, a sì mọ ohun tó ti ṣe náírà láti 2023. Tí iná bá wọ́n, mo lè ra ọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n Band A kì í ṣe iye owó nìkan, ìlérí ni: wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán. B jẹ́ 16, C jẹ́ 12, D jẹ́ 8, E jẹ́ 4. NERC sì fi òfin dè é pé tí ilé-iṣẹ́ bá kùnà fún ọjọ́ méjì, kó wá ṣàlàyé fún gbogbo ayé, tó bá di ọjọ́ méje léraléra, kí wọ́n já àwọn oníbàárà náà sí ìsàlẹ̀, kí owó náà sì wálẹ̀.

Ìwé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíípáàdì wa tí àwọn ọmọ ń kọ ìgbà tí iná dé àti ìgbà tó lọ sí. Ọ̀sẹ̀ tó pé wákàtí rẹ̀ wà, n kò ní pa irọ́. Èyí tí kò pé ló pọ̀ jù. (Ní 2024 yẹn, gíríìdì gbogbo orílẹ̀-èdè dákú ju ìgbà mẹ́wàá lọ, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tiẹ̀ ka ìyẹn.) Mo gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó níbẹ̀ bọ̀wọ̀ fún mi gan-an, ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó ní, "Dádì, ẹ má bínú, ní tiwa níbí, fíídà yín pé wákàtí ogún."

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Fíídà ni wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí tiráńsífọ́mà púpọ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń ka wákàtí, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà yín. Tí fíúsì tiráńsífọ́mà yín bá já, tí wáyà bá já lórí òpó, tẹ́ ẹ wà nínú òkùnkùn títí di ọjọ́ kejì, fíídà ní iná, wákàtí ń pé. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé fíídà ló ń san owó ni?" Ó tún ní kí n má bínú.

Ẹ̀rọ kan náà tó wà lára ògiri wa, tó mọ ìgbà tí áyọ́ọ̀nù tàn, yẹ kó lè mọ ìgbà tí iná wọlé àti ìgbà tó jáde. Ó yẹ kí wọ́n wá ọ̀nà tí wọ́n á fi máa kọ ọ́ sí abẹ́ tókìnnì tí a bá rà: láti ìgbà tẹ́ ẹ ti rà gbẹ̀yìn, wákàtí báyìí la fún yín lójúmọ́. Tí kò bá pé, kí iye yúníìtì já fúnra rẹ̀, láìsí lẹ́tà, láìsí Dádì ẹ má bínú. Tí owó mi bá tán, mítà kì í dúró de àlàyé kó tó pa iná. Bó ṣe yára sí wa yẹn ni mo fẹ́ kó yára sí wọn. Títí ìyẹn á fi ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń wọ̀n, máàkì tí mo sì lè fún un kò kọjá mẹ́ta nínú márùn-ún.

Òfin iná mànàmáná ti 2023 ti gba àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti máa ṣàkóso iná fúnra wọn. Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó ti gba agbára náà. Ní July 2025, àjọ tó ń mójú tó iná ní ìpínlẹ̀ Enugu já Band A tiwọn sí ₦160, inú èèyàn púpọ̀ dùn. Inú tèmi náà dùn díẹ̀, àmọ́ mo ń wò ó láti mọ ẹni tó máa san àlàfo tó kù. Iye tó já tí wákàtí kò sì pé kò yanjú ohun tí mo ń sọ.

Fún ẹni tó ń bi mí bóyá kí òun ra mítà: àwọn kan ti ń wọlé tí wọ́n fi owó tí Báńkì Àgbáyé yá wa rà, $500 mílíọ̀nù tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2021. Adébáyọ̀ Adélàbú, tó jẹ́ mínísítà iná nígbà náà, sọ ní 2025 pé ọ̀fẹ́ ni, kí ẹnikẹ́ni má gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Tó bá ti ń dé àdúgbò yín, ẹ dúró dè é, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Tí bílì ìfojúbù bá ti fẹ́ pa yín, tí ẹ kò lè dúró, ẹ rà á, ẹ gba rìsíìtì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ oṣù tí ìdápadà owó máa bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Tiwa pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé mo ní ìwé lọ́wọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tiyín ṣáájú kó ya wáyà yàrá àwọn ayálégbé sọ́tọ̀. Ẹ ṣe ti áyọ́ọ̀nù yẹn lójú wọn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Wáyà àtijọ́ tí wọ́n bá tú sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ, owó yín ni wọ́n fi rà á.