Scarlett 2i2 ìran kẹta: ohùn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kí la máa ṣe bí sọ́fítíwíà kò bá rí i?

Scarlett 2i2, sound card pupa kékeré yìí (àpótí tó ń gbé ohùn máìkì tàbí gìtá wọ kọ̀ǹpútà), ni mò ń lò láti fi gba ohùn sílẹ̀ lórí Windows, pẹ̀lú REAPER àti Audacity, sọ́fítíwíà tí a fi ń gba ohùn. Ilé iṣẹ́ Focusrite ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é, ìran kẹta yìí sì jáde lọ́dún 2019. Ìran kẹrin ti dé, àmọ́ èyí ṣì tó ẹgbẹ́ akọrin àti olórin tó fẹ́ gba orin tirẹ̀ nílé, yálà ní Kàbà tàbí ní Ìsánlú.

Ihò méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba wáyà XLR ti máìkì, ó sì tún gba jáàkì gìtá. Tó bá jẹ́ gìtá, ẹ tẹ bọ́tìnì Inst. Òrùka iná tó yí bọ́tìnì gain (èyí tó ń pinnu bí ohùn tó ń wọlé ṣe máa pọ̀ tó) ká máa ń ní àwọ̀ ewé bí ohùn bá ń wọlé dáadáa, á di àwọ̀ ọsàn bó bá ń sún mọ́ òkè, á sì pọ́n bí ohùn bá ti pọ̀ jù. Bó bá ti pọ́n, ẹ dín in kù, nítorí ohùn tó ti fọ́ nígbà tí ẹ ń gbà á kò ṣeé tún ṣe. Direct Monitor jẹ́ kí akọrin gbọ́ ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ láìdúró de kọ̀ǹpútà. Ohun kan ṣoṣo tó kù díẹ̀ káàtó fún mi ni pé 48V kan náà (iná tí àwọn máìkì kan nílò kí wọ́n tó ṣiṣẹ́) ló ń bọ́ ihò méjèèjì, ẹ kò lè tan ti ọ̀kan kí ẹ pa ti ìkejì.

Àròyé tí mo ń gbọ́ jù lórí sound card, tibí tàbí òmíràn, ni pé sọ́fítíwíà ní òun kò rí i. Kíá ni wọ́n á ti dì í padà fún ẹni tó tà á ní Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin. Ẹ fara balẹ̀. Wáyà ló gbọ́dọ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ Windows, driver (ètò kékeré tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) ló máa jẹ́ kí Windows mọ ohun tó jẹ́, ẹ̀yìn ìyẹn ni sọ́fítíwíà tó lè rí i. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ látinú sọ́fítíwíà, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ látòkè nìyẹn.

Wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ihò USB-C ló wà lẹ́yìn ẹ̀rọ yìí, nítorí náà wáyà fóònù wọ̀ ọ́ wẹ́kú, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń wá. Wáyà USB tó pé ní okùn méjì tó ń gbé iná, ó sì ní òmíràn tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé e bọ̀. Ọ̀pọ̀ wáyà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà létí títì, okùn iná nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ lè gba iná kí kọ̀ǹpútà má sì mọ̀ pé ohunkóhun wà níbẹ̀. Ẹ wo iná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì USB níwájú: ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá dá ẹ̀rọ mọ̀ ló tó máa ń tàn. Bí ẹ bá fẹ́ dán wáyà wò, ẹ fi so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, kí ẹ sì yan pé kí fóònù gbé fáìlì. Bí fóònù bá ń gba iná nìkan tí fáìlì kò yọ, wáyà yẹn kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ẹ má gba inú hub (ohun tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) tí kò ní iná tirẹ̀ kọjá. Ara láptọ́ọ̀pù gan-an ni kí ẹ ki wáyà bọ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń dì sínú ihò USB débi pé wáyà kò ní wọlé tán. Ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tó fọn ún jáde.

Bí wáyà bá ti dára, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ mmsys.cpl, kí ẹ sì lọ sí Recording. Analogue 1 + 2 ló yẹ kí ẹ rí níbẹ̀. Bó bá wà àmọ́ tó ṣàì mọ́lẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún kí ẹ yan Enable. Bí ohun tó yọ bá dà bí flash drive, ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Ipò Easy Start (ipò ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á) ló wà, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ń jáde nínú páálí. Nínú ipò yẹn, kò ní kọjá 48 kHz, ìyẹn wíwọn ohùn nígbà 48,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ tẹ 48V mọ́lẹ̀, ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́ láìgbé ọwọ́ kúrò, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ yọ wáyà, kí ẹ tún kì í bọ̀.

Ẹ gba driver láti orí ìkànnì Focusrite fúnra rẹ̀. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró, ó sàn kí ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sórí flash, torí ẹ ó tún nílò rẹ̀ bí wọ́n bá tún Windows ṣe. Bí ẹ bá ti fi sí i tán, Restart ni kí ẹ yan, kì í ṣe Shut down. Fast Startup, ètò tó ń mú kí kọ̀ǹpútà tètè tàn, máa ń jẹ́ kí Windows tọ́jú driver àtijọ́ sínú ìrántí, nítorí náà pípa tí ẹ pa kọ̀ǹpútà lè má tún nǹkan kan ṣe. Mi ò gbà kí ẹni tó ní driver gidi tún fi ASIO4ALL (driver gbogbogbò tí kì í ṣe ti Focusrite) kún un. Ńṣe ló máa ń dojú orúkọ rú nínú sọ́fítíwíà.

Ọ̀rọ̀ iná NEPA wọ èyí náà. Ẹ̀rọ lè máa ṣiṣẹ́ dáadáa, kí wọ́n mú iná lọ, kí láptọ́ọ̀pù bọ́ sórí bátìrì, kí sound card sì dàwátì láàárín orin. Windows ló ń pa ihò USB láti fi iná pamọ́. Nínú Power Options, ẹ wá USB selective suspend, ẹ sọ ọ́ di Disabled ní ojú méjèèjì, On battery àti Plugged in. Ẹlòmíràn á ṣe ti Plugged in nìkan, ọ̀rọ̀ náà á sì tún padà wá. Ẹ tún lọ sí Device Manager, sí USB Root Hub, sí Power Management, kí ẹ yọ àmì tó gba Windows láyè láti pa á.

Ó kan sọ́fítíwíà. Nínú REAPER, ẹ gba Options, Preferences, Audio, Device. Ẹ yan ASIO (ọ̀nà tí ohùn ń gbà yára dé inú sọ́fítíwíà), lẹ́yìn náà Focusrite USB ASIO, kí ẹ sì fi àmì sí Enable inputs. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Audacity tí wọ́n ń gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní ASIO, bí ẹ kò bá rí i níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá a. Windows WASAPI, ọ̀nà ohùn ti Windows fúnra rẹ̀, ni kí ẹ yàn. Bó bá jẹ́ pé Audacity ti wà ní ṣíṣí kí ẹ tó so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, kò ní rí i, àfi kí ẹ tẹ Rescan Audio Devices. Máìkì kan ṣoṣo? Mono (ohùn ọ̀nà kan) ni kí ẹ fi gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ etí kan ṣoṣo lẹ ó ti máa gbọ́ ọ.

Nígbà míì orúkọ ẹ̀rọ á yọ, ìlà ohùn á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ wọ Settings, ẹ wá Privacy, lẹ́yìn náà Microphone, kí ẹ tan Let desktop apps access your microphone. Bí orúkọ bá yọ ṣùgbọ́n tó kọ̀ láti ṣí, ó lè jẹ́ pé bíráósà tó ń kọ orin lẹ́yìn ti gbá a mú, tàbí pé Windows wà ní 48000 nígbà tí iṣẹ́ yín wà ní 44100. Ẹ pa bíráósà, kí ẹ sì jẹ́ kí nọ́ńbà méjèèjì bára mu. Fún gbígba ohùn, buffer (iye ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó ṣiṣẹ́ lé e lórí) 128 tàbí 256 ni mò ń lò. Bí ohùn bá ń já, ẹ gbé e lọ sí 512.

Ariwo húmù orí jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ yìí. Ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù, kí ẹ fi bátìrì gbà á wò.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, kó gbé láptọ́ọ̀pù tí driver ti wà nínú rẹ̀ àti wáyà tirẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Kó rọra mi wáyà nínú ihò USB-C. Bí iná àmì USB bá ń kú tó ń jí, ihò ti ń yẹ̀, kó fi í sílẹ̀. Kó gba ohùn nínú ihò kìíní àti ìkejì, kó tan 48V pẹ̀lú máìkì condenser (irú tó nílò 48V), kó sì gbọ́ ọ padà nínú hẹ́dífóònù kó tó sanwó.