Ẹ má tíì jáwọ́ nínú búrẹ́dì: bí wọ́n ṣe yẹ ìfun mi wò ní ọsibítù kan ní London

Inú ṣì ń bí mi sí akọ̀wé tó gbé fóònù lọ́jọ́ yẹn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí n ní àrùn celiac, ìyẹn àrùn tó ń mú kí gluten, èròjà kan tó wà nínú wíìtì àti bálì, máa ba ìfun èèyàn jẹ́. Dókítà sì ní kí wọ́n ṣe endoscopy fún mi, ìyẹn ni pé kí wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà gba ọ̀fun mi wọlé láti wo ìfun mi, kí wọ́n gé bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Mo pè wọ́n láti béèrè ohun tí mo lè jẹ. Ó ní kí n ti jáwọ́ nínú búrẹ́dì lọ́jọ́ náà gan-an. Mo tún un bi. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ òun ni.

Àmàlà, iyán, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni mo wá ń jẹ, inú mi sì rọ̀. Àfi bí nọ́ọ̀sì ṣe pè mí nígbà tó kù díẹ̀, tó ní ṣé mo ṣì ń jẹ wíìtì. Téèyàn bá ti ṣíwọ́ gluten, ìfun á bẹ̀rẹ̀ sí í san, èsì á wá sọ pé kò sí àrùn níbi tó wà. Wọ́n fagi lé ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi. Ó di kí n tún máa jẹ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 6, ó kéré tán: búrẹ́dì láàárọ̀, sẹ̀mó lálẹ́. Inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, n kì í lè gun àtẹ̀gùn ilé mi láìdúró sinmi. Kò sẹ́ni tó pè mí láti bẹ̀ mí.

Àmọ́ ọjọ́ tí mo lọ gan-an! Mi ò jẹun fún wákàtí 6. Nọ́ọ̀sì kan rí orúkọ mi: “Ẹ káàárọ̀, mà.” Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ó ní mo lè gba abẹ́rẹ́ tí á mú mi tòògbé, àmọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ sìn mí délé, kó sì wà lọ́dọ̀ mi di ọjọ́ kejì. Mo ní kí wọ́n kúkú fín oògùn sí mi lọ́fun. Ó korò, ọ̀fun mi sì kú tipiri. Wọ́n fi ike há mi lẹ́nu kí n má baà gé rọ́bà náà jẹ, mo fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀. Èébì ń gbé mi, itọ́ ń dà sórí aṣọ tí wọ́n tẹ́ sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Ọwọ́ ọmọ yìí ò kúrò léjìká mi. “Ẹ rọra máa mí, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́, ó ti ń parí.” Gígé tí mo ti ń bẹ̀rù, mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ọlọ́run á bá mi kẹ́ ọmọ náà.

Celiac ni lóòótọ́. Mọ́ọ̀tì tí mo fẹ́ràn náà lọ nìyẹn, torí bálì ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ bi nípa oúnjẹ, ẹ má bi ẹni tó ń gbé fóònù.