Aṣọ àdìrẹ obìnrin láti ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìtòkú

Àdìrẹ tí wọ́n fi rán kaba tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ọjà Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, dára púpọ̀, nítorí pé ọwọ́ aláró tó rẹ ẹ́ mọ́ iṣẹ́; ṣùgbọ́n ẹni tó rán an kò ro ti obìnrin tí yóò wọ̀ ọ́. Síìpù rẹ̀ ń há. Àpò rẹ̀ kò gba fóònù, bẹ́ẹ̀ ṣòkòtò ọkùnrin tí wọ́n fi àdìrẹ kan náà rán ní àpò tó jìn dáadáa. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọn kò ṣẹ́ aṣọ kankan sílẹ̀ nínú ojú rírán, débi pé télọ̀ kò lè tú u kí ó fẹ̀ sí i fún ẹni tó bá sanra. Àdìrẹ tí a kò tíì rán ni kí ẹ rà níbẹ̀.