Btrfs, ZFS tàbí ext4: èwo ló yẹ orí dísìkì tuntun yín?

Ẹni tó ń ya fídíò òkú àgbà ní Kàbà tàbí Ìsánlú mọ̀ pé ọmọ olóòkú lè padà wá lọ́dún kẹta láti béèrè ẹ̀dà mìíràn. Ẹ ṣí fáìlì náà: orúkọ rẹ̀ pé, ìwọ̀n rẹ̀ pé, àwòrán já láàárín. Dísìkì ti ba díẹ̀ jẹ́ nínú rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, kí ẹ tó bi ọlọ́jà ní GB mélòó, ẹ mọ irú filesystem (ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń to fáìlì sórí dísìkì) tí ẹ máa fi sórí rẹ̀.

Checksum ni Btrfs, ZFS àti ext4 ń lò: nọ́ńbà kékeré tí a ṣírò láti inú dátà nígbà tí a ń kọ ọ́, tí a tún ṣírò nígbà tí a ń kà á. Bí méjèèjì ò bá bára mu, nǹkan ti bàjẹ́. Ibi tí kálukú ń tọ́jú nọ́ńbà yìí sí ni wọ́n ti yàtọ̀.

ext4 àti XFS, filesystem mìíràn, yára, wọ́n sì fúyẹ́. Àmọ́ àkọsílẹ̀ ti ara wọn nìkan ni wọ́n ń ṣọ́, bí orúkọ fáìlì àti ibi tó wà. Ohun tó wà nínú fídíò yín kò kàn wọ́n. APFS, filesystem ti Apple, náà rí bẹ́ẹ̀. XFS tilẹ̀ ń fi checksum sínú búlọ́ọ̀kù (ègé dátà kékeré) kan náà tó ń ṣọ́. Bí dísìkì bá purọ́ pé òun ti kọ tuntun, tí ògbólógbòó ṣì wà níbẹ̀, ògbólógbòó náà àti checksum rẹ̀ á bára mu rẹ́gí. Afurasí ló ń jẹ́rìí ara rẹ̀ yẹn.

ZFS ń fi checksum búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan sínú èyí tó wà lókè rẹ̀, tó ń tọ́ka sí i, títí dé orí pátápátá, nítorí náà irọ́ yẹn á tú. Owó rẹ̀ ni pé bí ẹ bá yí bíńtín padà, ó ní láti tún gbogbo ọ̀nà dé òkè kọ síbi tuntun. Mo fara mọ́ owó yẹn: bí iná bá lọ láàárín kíkọ, bó ṣe máa ń lọ lọ́dọ̀ wa, ti àtijọ́ ṣì wà lódindi. Ṣùgbọ́n nítorí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ, kò sí nínú Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) gan-an. Ẹ máa fi kún un ni.

Btrfs wà nínú Linux láti 2009. Ó kó checksum gbogbo dátà jọ síbì kan lọ́tọ̀. CRC32C, irú checksum tó ń lò bí ẹ kò bá yan òmíràn, jẹ́ báìtì 4 fún 4 KB kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi 1 GB lórí 1 TB. SHA-256, irú checksum tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, á gba ìlọ́po 8 ìyẹn, mi ò sì rí ohun tí ilé fọ́tò fẹ́ fi í ṣe. Ẹ ṣọ́ra fún nodatacow, ètò Btrfs kan tó ń kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí, tí àwọn kan ń tan fún database: ó ń pa checksum àwọn fáìlì wọ̀nyẹn.

Checksum ń tọ́ka àrùn ni, kò ní oògùn lọ́wọ́. Lórí dísìkì kan ṣoṣo, èsì tí ẹ máa rí ni pé fáìlì ò ṣeé kà. Ẹ ra dísìkì méjì tó mọ níwọ̀n dípò ńlá kan, kí ẹ so wọ́n pọ̀ bíi mirror, kí ohun kan náà wà lórí méjèèjì. Ìgbà yẹn ni ZFS tàbí Btrfs á fi ẹ̀dà tó dára tún èyí tó bàjẹ́ ṣe.

Ẹni tó jẹ́ flash tí filesystem rẹ̀ jẹ́ exFAT ló ń gbé kiri kò rí ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Kó fi sha256sum, àṣẹ tó ń ṣírò checksum fáìlì, kọ àkọsílẹ̀ sínú fáìlì lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò rẹ̀, kó sì máa rántí yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀.

Fún mirror, ẹ máa ṣe scrub, ìyẹn kíka gbogbo dátà láti yẹ checksum rẹ̀ wò, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí iná bá lọ, ZFS á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Ti Btrfs, ẹ̀yin lẹ máa tẹ btrfs scrub resume.