Àpótí Àwòṣe Átọ́mù: Iye Rẹ̀ Pé, Ìwọ̀n Rẹ̀ Kò Pé

Nígbà tí wọ́n ní kí ọmọbìnrin mi ṣe àwòṣe átọ́mù kábọ́ọ̀nù wá láti ilé, mo lọ ra àpótí kan ní ₦9,500 ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ẹ̀kọ́, nítorí pé wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ara rẹ̀ pé ìwọ̀n ohun inú rẹ̀ bá ti átọ́mù gan-an mu.

Ní ti iye, n kò rí àléébù kankan. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa 6 wà fún prótọ́ọ̀nù, funfun 6 fún niútírọ́ọ̀nù, aláwọ̀ aró wẹ́wẹ́ 6 sì wà fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Prótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù ni ẹ̀rún tó wà láàárín átọ́mù, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló wà yí wọn ká. Òrùka wáyà ti inú ń gba 2, ti ìta ń gba 4, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò níláárí: ìlẹ̀kẹ̀ 3 tí a lẹ̀ mọ́ra lálẹ́ ti yí bọ́ sábẹ́ àga kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọmọ náà ló fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1, òrùka ìta kò sì jìnnà sí àárín ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ. Bẹ́ẹ̀, bí a bá mú háídrójìn, tí prótọ́ọ̀nù kan ṣoṣo wà láàárín rẹ̀, átọ́mù rẹ̀ fi nǹkan bí ìlọ́po 60,000 fẹ̀ ju prótọ́ọ̀nù náà lọ. Bí ìlẹ̀kẹ̀ yẹn bá jẹ́ prótọ́ọ̀nù, átọ́mù náà yóò fẹ̀ tó nǹkan bí mítà 600, nítorí náà ìdajì rẹ̀, nǹkan bí mítà 300, ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yóò fi jìnnà sí i. A dán an wò: ọmọ náà di ìlẹ̀kẹ̀ mú lẹ́nu géètì, èmi ń ka ìṣísẹ̀ lọ. Kí n tó ka 100, n kò rí ìlẹ̀kẹ̀ náà mọ́. Nígbà tí mo fi ka 400, mo ti kọjá ìsọ̀ onígààrì. Gbogbo àárín yẹn, òfìfo ni.

Òfìfo yìí gan-an ni Rutherford, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, tọ́ka sí ní 1911, lẹ́yìn tí Geiger àti Marsden, tí wọ́n ń bá a ṣiṣẹ́, ti rí i ní Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí a bá ta ẹ̀rún alpha (ẹ̀rún tíntìntín tó kéré púpọ̀ ju átọ́mù lọ) lu wúrà tí a lù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí tó pọ̀ jù ń là á kọjá, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń ta padà. Ìwé pélébé inú àpótí kò sọ èyí. Kò sì sọ pé ọ̀dọ̀ Bohr, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn, ní 1913, ni àwòrán òrùka wọ̀nyẹn ti wá, àti pé àwọn onímọ̀ kò gbà mọ́ pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń tọ ojú ọ̀nà kan bíi rélùwéè.

Olùkọ́ tí ó fẹ́ fi kọ́ ọmọ ní iye lè rà á, kí ó sáà ra gọ́ọ̀mù tirẹ̀ mọ́ ọn. Ní ti wa, ọmọ mi ti fi bírò fagi lé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara àpótí náà, ó sì kọ "mítà 300" sí orí rẹ̀ kí ó tó gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́.